Bàbá mi kì í sùn já mọ́ nítorí ìtọ̀. Ṣé prostate ni, ṣé ó sì ṣeé tọ́jú láìla ikùn?

ỌmọÒjé

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Òjé níbí la jọ ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn wọn lóru: wọ́n á jáde lọ tọ̀, wọ́n á wọlé padà, kò ní pẹ́ wọ́n á tún jáde. Tí wọ́n bá dé ilé ìtọ̀, wọ́n á dúró títí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tó bá sì wá, á dá dúró, á tún wá. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀ tán, ó ṣì máa ń kán sí ṣòkòtò. Àlùwàlá wọn kì í dúró. Bàbá tí kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ ti wá ń kírun nínú yàrá báyìí, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ọmọbìnrin wọn ni mo ń fọ aṣọ wọn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

A mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò. Sikáànì sọ pé prostate wọn tó 62 gíráàmù, pé ìtọ̀ tó ṣẹ́kù sínú àpò ìtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tọ̀ tán jẹ́ 140 mililítà. PSA wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo prostate, jẹ́ 3.1. Dókítà fún wọn ní tamsulosin, ó ní tí kò bá tó, a ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Àtìgbà tí bàbá ti gbọ́ "iṣẹ́ abẹ" ni wọ́n ti ní kò sẹ́ni tó máa la ikùn àwọn. Àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba wá ní ọ̀nà kan wà tí wọn kì í fi ọ̀bẹ kàn án rárá, pé ooru omi ni wọ́n ń lò. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÀpáta

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Prostate jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Òun ló ń pèsè díẹ̀ lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ti ń kọjá ogójì ọdún, prostate máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, àwọn èròjà ọkùnrin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un dàgbà. Tó bá wá wú, á fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi. Nínú àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 51 sí 60, bí ìdajì ló ti ní in. Nínú àwọn tó ti lé ní 80, ó tó 80 sí 90 nínú 100. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, kì í sì í yí padà di jẹjẹrẹ, àmọ́ ọkùnrin kan náà lè ní méjèèjì pọ̀.

Àwọn àmì tí ẹ kọ yẹn, gbogbo wọn ló bá a mu: kó pẹ́ kó tó wá, kó máa wá tín-ín-rín, kó máa dá dúró, kó máa kán lẹ́yìn tó ti tán, kí èèyàn máa rò pé òun ò tíì tọ̀ tán. Ti òru náà wà níbẹ̀, àti èyí tó máa ń gbọ̀n ni lójijì tí èèyàn ò ní lè mú un mọ́ra dé ilé ìtọ̀. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé bí prostate ṣe tóbi tó kọ́ ló ń sọ bí ìyà rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Mo ti rí ẹni tí tirẹ̀ ò ju 35 gíráàmù lọ tí kò lè tọ̀ rárá, mo sì ti rí ẹni tí tirẹ̀ lé ní 100 tó ń sùn já.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn dókítà ìtọ̀ máa ń lò, IPSS lorúkọ rẹ̀. Ìbéèrè 7 ló dá lórí bí ìtọ̀ ṣe rí láàárín oṣù kan tó kọjá, máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ láti 0 dé 5. Tí àròpọ̀ bá jẹ́ 0 sí 7, kò tíì le. 8 sí 19, ó wà láàárín. 20 sí 35, ó ti le. Ìbéèrè kan tún wà lẹ́yìn wọn: tó bá jẹ́ pé bí ìtọ̀ yín ṣe rí yìí lẹ máa fi lo ìyókù ayé yín, báwo ló ṣe máa rí lára yín? Lójú tèmi, ìyẹn ló wúwo jù. Bàbá tó ti pa mọ́sálásí tì ti dáhùn rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ òru ni ti prostate. Àtọ̀gbẹ máa ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀. Àtọ̀sí tí ọkùnrin kó nígbà èwe, tí kò tọ́jú dáadáa, lè ti fi àpá sínú ọ̀nà ìtọ̀ tí yóò máa fún un títí dọjọ́ ogbó. Òkúta inú àpò ìtọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú èyí tó ń múni tọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè máa lò ó láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́. Ẹ ra ife tó ní àmì ìwọ̀n, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ iye tí wọ́n mu àti iye tí wọ́n tọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àsìkò rẹ̀. Bébà kan péré ni, àmọ́ dókítà á rí ohun tí ẹnu bàbá ò ní sọ lórí rẹ̀.

Awakọ̀ÌwóRoad

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un. Bàbá ìyàwó mi ń tọ̀ díẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rọ́jú, wọ́n ní ara àgbà ni. Ọ̀fìnkìn wá mú wọn, wọ́n ra oògùn ọ̀fìnkìn oníhóró ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n lò ó sùn. Kó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, ìtọ̀ ti há pátápátá. Inú abẹ́ wọn le gbagidi, wọ́n ń ké bí ọmọdé. Èmi ni mo fi Micra gbé wọn lọ ilé ìwòsàn, gbogbo gélóòpù tí ọkọ̀ bá kó sí ni wọ́n fi ń sunkún. Rọ́bà ni wọ́n fi fa ìtọ̀ náà jáde. Dókítà ní oògùn ọ̀fìnkìn yẹn ló dì í.

Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ Èkó ni wọ́n ti ń ta àgbo fún wa ní gárèèjì, èyí tí wọ́n fi ọtí pò. Wọ́n ní ó ń fọ àpò ìtọ̀. Ṣé ó ń ṣe nǹkan kan?

Nọ́ọ̀sìÀpáta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Pseudoephedrine tó wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn máa ń mú ẹnu àpò ìtọ̀ le. Àwọn bíi Piriton sì ń sọ àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ di aláìlágbára. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ti fún tẹ́lẹ̀ lè há lórí ẹyọ kan. Kí bàbá máa sọ fún oníkẹ́míìsì pé àwọn ní prostate kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Àgbo olótìí: ọtí ń mú ìtọ̀ ya wọ àpò lọ́gán, ó sì ń sọ iṣan àpò náà di òpè. Ìgbà mìíràn àgbàlagbà á mu ún lálẹ́, á há kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé wọ́n á fi àgbo ra àsìkò, kíndìnrín á sì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìdun èèyàn.

Ohun tó yẹ kó lé yín lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni èyí: ìtọ̀ tó há, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ibà pẹ̀lú òtútù nígbà tí ìtọ̀ ń ta ni, tàbí ìtọ̀ tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ lóru láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Tó bá há, ẹ má fún wọn ní omi mu pé kó lè tì í jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn, ọ̀nà ìtọ̀ lè ya.

BàbáMọ́níyà

Ọmọ mi, o káre. Èmi náà ní in, oògùn ni mo sì ń lò. Tamsulosin 0.4 mílígíráàmù tí wọ́n kọ fún bàbá rẹ, òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kì í dín prostate kù o, ńṣe ló ń dẹ iṣan ibẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ìtọ̀ mi ti ń já geere. Kí bàbá máa dìde díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí ó lè mú òòyì kọ́ni, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sọ fún dókítà ojú ṣáájú pé àwọn ń lo tamsulosin. Ó lè mú kí awọ tó yí ọmọlójú ká (iris) rọ̀ lọ́nà tí kò dára nígbà tí wọ́n bá ń yọ ojú tó ti funfun. Kì í ṣe gbogbo dókítà ló máa rántí béèrè.

Wọ́n wá fi finasteride 5 mílígíráàmù kún un fún mi. Òun ló ń mú un sún kì gan-an, àmọ́ ó tó oṣù mẹ́fà kí èèyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Tí aboyún bá wà nílé, kó má fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó ti fọ́, nítorí ọmọ inú. Ó sì máa ń fa PSA wálẹ̀ sí bí ìdajì, kí wọ́n máa sọ fún dókítà tó bá ń ka èsì, kó lè mọ̀ pé 2 tó rí dà bíi 4 ni.

Ọ̀rọ̀ mọ́sálásí yẹn wọ̀ mí lára. Ìdẹ̀ra wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dúró, jẹ́ kí bàbá rẹ béèrè lọ́wọ́ ààfáà wọn. Kí wọ́n má fi ìtìjú jìnnà sí àwọn èèyàn wọn.

ÌyáÌbejìChallenge

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ béèrè ohun tí àwọn ọkùnrin kì í béèrè. Ọkọ mi ti lé ní ọgọ́ta, wọ́n ti sọ iṣẹ́ abẹ fún un láti ọdún tó kọjá. Ó kọ̀, kò sì sọ ìdí. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rù nǹkan ọkùnrin ló ń bà á. Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń parí ọ̀rọ̀ náà?

DókítàMọ́kọ́lá

Ìbéèrè tó yẹ ni, Ìyá Ìbejì, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin tó ń kà á níbí rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí bàbá ỌmọÒjé, mi ò sì lè yan ọ̀nà fún wọn láti ibi yìí, àmọ́ mo lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ tú ìdè kan. "Iṣẹ́ abẹ" tí dókítà sọ kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa la ikùn. Èyí tí wọ́n máa ń la ikùn ṣe ṣì pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pàápàá fún prostate tó ti lé ní 80 tàbí 100 gíráàmù. Àmọ́ TURP ò ní ojú ọgbẹ́ kankan lára. Wọ́n á fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí yóò mú ìsàlẹ̀ kú, wọ́n á gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé pẹ̀lú irin tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà, wọ́n á sì máa gé ẹran tó dí ọ̀nà náà wẹ́wẹ́ kúrò láti inú. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe é, òun ni wọ́n sì fi ń wọn gbogbo ọ̀nà tuntun yòókù. Nínú àwọn ọ̀nà tí kì í la ikùn, òun lẹ máa rí jù ní Nàìjíríà. Prostate 62 gíráàmù wà láàárín èyí tó bá a mu. ỌmọÒjé, ẹ padà lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín: irú iṣẹ́ abẹ wo lẹ ní lọ́kàn? Ó ṣeé ṣe kí ohun tí bàbá ń sá fún má jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn TURP, okó ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń le bó ṣe ń le tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń yí padà fún èyí tó pọ̀ jù lára wọn ni àtọ̀: á wọ inú àpò ìtọ̀ lọ dípò kó jáde, wọ́n á sì tọ̀ ọ́ jáde tó bá yá. Kò léwu, adùn ò kúrò, àmọ́ ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ó yẹ kí dókítà sọ ọ́ fún ọkọ yín láìjẹ́ pé ó béèrè.

Ooru omi tí àbúrò ỌmọÒjé sọ, Rezūm lorúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n á gba ọ̀nà ìtọ̀ kan náà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kékeré fẹ́ ooru omi sínú prostate fún ìṣẹ́jú àáyá 9 níbi kọ̀ọ̀kan, ẹran ibẹ̀ á kú, ara á sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Prostate 30 sí 80 ló wà fún. Èèyàn á lọ sílé lọ́jọ́ náà, àmọ́ rọ́bà á wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìtọ̀ lè máa ta á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdẹ̀ra sì ń wá díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bí oṣù mẹ́ta. UroLift ní tirẹ̀ kì í gé, kì í jó. Okùn kéékèèké tó ní irin lórí ló ń fi fa prostate sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè ṣí. Bí àtọ̀ ṣe ń jáde kì í sábà yí padà nínú méjèèjì, ìyẹn sì ni èrè wọn tó tóbi jù.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kejì náà. Ìtọ̀ kì í já tó ti TURP lẹ́yìn wọn, àwọn kan á sì tún padà wá. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi ọdún 5 tẹ̀ lé àwọn tó ṣe UroLift, nǹkan bí 14 nínú 100 ló tún ní láti ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ti ooru omi jẹ́ bí 4 nínú 100. Kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ní ẹ̀rọ wọn. Kí ẹ tó kówó jọ lọ òkèèrè, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa wo bàbá tí wọ́n bá padà dé Òjé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lóru.

Ọ̀kan tún kù tó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gba ọrùn ọwọ́ tàbí ìtan wọlé, wọ́n á dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá prostate, òun náà á sì máa sún kì fún oṣù díẹ̀. Ó wúlò fún prostate tó tóbi gan-an, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó ń lò, kò jẹ́ kó lè gba iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ dókítà tó ń fi àwòrán ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe ti dókítà ìtọ̀. Èyí tí wọ́n ń fi léésà ṣe wà pẹ̀lú, HoLEP, bó ti wù kí prostate tóbi tó ló lè kó o jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ò pọ̀.

Ẹgbọ́nBẹẹrẹ

Mo ti ṣe TURP, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára. Lóòótọ́ ni mi ò rí ojú ọgbẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò sì mọ nǹkan kan ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, rọ́bà wà lára mi, omi ń wọlé láti inú àpò kan tí wọ́n gbé kọ́, ó ń jáde sínú òmíràn ní pupa. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì ní ńṣe ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ó sì mọ́ lóòótọ́ nígbà tó yá. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ rọ́bà, ìtọ̀ ń ta mí, tí mo bá sín ó máa ń já díẹ̀. Èyí kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ní n má gbé nǹkan tó wúwo, n má sì jẹ́ kí ìgbẹ́ le, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni ìyàwó mi ń fún mi.

Ẹran tí wọ́n gé yẹn, wọ́n máa ń gbé e lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ gba èsì náà. Àwa kan wà tí a kúrò ní wọ́ọ̀dù tí a ò padà lọ gbà á.

ỌmọÒjé, tí bàbá bá fẹ́ bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, mo wà ní Bẹẹrẹ. Ó lè ṣòro fún wọn láti sọ ọ́ lójú ọmọbìnrin.

ỌmọÒjé

Ọlọ́run á fún gbogbo yín ní àlàáfíà. Mo ka ti Dókítà sí wọn létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kò sí ojú ọgbẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní àwọn máa bá Ẹ̀gbọ́n Bẹẹrẹ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi tó kù: PSA 3.1 yìí, ṣé ó ti yọ wá nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ? Àti owó ńkọ́?

DókítàMọ́kọ́lá

Kò tíì yọ yín pátápátá. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń fi 4 ṣe ààlà, àmọ́ jẹjẹrẹ lè wà lábẹ́ rẹ̀, prostate tó wú àti kòkòrò àrùn sì lè gbé e sókè láìsí jẹjẹrẹ. Àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ prostate ń mú jù. Tí wọn ò bá tíì fi ìka yẹ prostate wò láti ìdí, kí wọ́n ṣe é. Kì í pẹ́, ó sì ń sọ bóyá ó le tàbí ó ní kókó lára. Kí wọ́n tún yẹ kíndìnrín wò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí 140 tó ń ṣẹ́ kù yẹn. Tó bá ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, ẹ má fi àsìkò ṣòfò.

Nípa owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ ìbánigbófò ìlera tí bàbá bá wà nínú rẹ̀, ti àpapọ̀ tàbí OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ohun tí wọ́n gbà láti san àti èyí tí ẹ máa san fúnra yín. Ẹ gbà á ní kíkọ. Kí ẹ sì jẹ́ kí ilé ìwòsàn ka gbogbo rẹ̀ fún yín pọ̀: abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà, àyẹ̀wò ẹran.

ỌmọÒjé

A ti gba ọjọ́. Wọ́n ní wọ́n máa kọ́kọ́ wọn bí ìtọ̀ ṣe ń yára jáde sí. Ṣé ohun kan wà tí bàbá gbọ́dọ̀ ṣe kó tó di ọjọ́ náà?

Nọ́ọ̀sìÀpáta

Kí wọ́n mu omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n má tọ̀ kí wọ́n tó wọlé, àmọ́ kí wọ́n má dì í mọ́ra débi tó máa ń ro wọ́n. Tí ìtọ̀ inú àpò ò bá tó 150 mililítà, èsì ẹ̀rọ yẹn kò ní ṣeé gbára lé. Kí wọ́n tọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ nílé gan-an, kí wọ́n má rin ín. Ẹ mú bébà ọjọ́ mẹ́ta yẹn dání, àti gbogbo páálí oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan èyí tí wọ́n ń rà ní gárèèjì.